Àgbọ̀n tí ó Ṣẹ́: Ohun tí ó Yẹ kí a Ṣọ́ lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ

Ìjàm̀bá alùpùpù jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú ohun tí ń ṣẹ́ ènìyàn ní àgbọ̀n ní Nàìjíríà. Ẹni tí irú rẹ̀ bá dé bá ní agbègbè Ọ̀tùn-Èkìtì ní láti tètè dé ilé ìwòsàn. Ti Ìjọba Àpapọ̀ wà ní Ìdó-Èkìtì, kò jìnnà. Àwọn oníṣègùn tí iṣẹ́ abẹ ẹnu àti àgbọ̀n jẹ́ iṣẹ́ wọn gan-an wà ní Ilé-Ifẹ̀ àti ní UCH, Ìbàdàn, tí a ṣí ní 1957.

Oníṣègùn a máa fi wáyà de eyín òkè mọ́ ti ìsàlẹ̀ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 4 sí 6, tàbí kí ó fi irin pẹlẹbẹ kékeré kan egungun náà pọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí aláìsàn bá padà sí ilé ni ìdajì iṣẹ́ tí ó kù bẹ̀rẹ̀.

Èkíní: ojú ọgbẹ́ lè kẹ̀, kí ó sì gba ọyún, nítorí pé ẹnu kún fún kòkòrò àìfojúrí. Kí aláìsàn máa fi omi iyọ̀ tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ yọ ẹnu lẹ́yìn oúnjẹ, kí ó lo oògùn rẹ̀ tán, kí ó sì yàgò fún tábà àti ọtí.

Èkejì: egungun lè kọ̀ láti so pọ̀ bí àgbọ̀n bá ń mì. Ẹni tí ó bá tú wáyà ní ọ̀sẹ̀ kejì nítorí pé iyán ń wù ú, iṣẹ́ ni ó ń bà jẹ́. Ògì, wàrà, àti ẹ̀wà tàbí ẹja tí a sè tí a lọ̀ kúnná nínú omi ọbẹ̀ ni oúnjẹ ìgbà náà.

Ẹ̀kẹta: eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀ lè má pàdé bí ti tẹ́lẹ̀, ẹnu sì lè má là tán.

Ẹ̀kẹrin: ètè ìsàlẹ̀ lè dàbí ẹni pé ó kú. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ìmọ̀lára a máa padà láàárín oṣù díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún gbogbo ènìyàn.

Èébì pẹ̀lú léwu fún ẹni tí a de ẹnu rẹ̀. Kí ẹ̀mú tí ń gé wáyà má ṣe jìnnà sí i, kí ará ilé sì ti béèrè lọ́wọ́ oníṣègùn wáyà tí wọn yóò gé bí èébì bá fẹ́ dí èémí.

Bí ara bá gbóná, bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá tún ń wú, bí ọyún bá ń jáde, kí aláìsàn padà sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an, kí ó má ṣe dúró de ọjọ́ tí a dá fún un. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ọyún tí a bá tètè rí, oògùn àti fífọ ojú ọgbẹ́ lè ká a. Èyí tí a bá fi sílẹ̀ lè mú kí a tún iṣẹ́ abẹ náà ṣe.