Owó Tó Wọ́ Láti Ìsàlẹ̀

"Amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́." Ó ní, "Òkè lẹ̀ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀." Ẹni tó bá fẹ́ máa kó owó onírin jọ nítorí iyì wọn, kó fi òwe yìí sọ́kàn. Owó tó ní àbùkù pọ̀ nígboro, ṣùgbọ́n èyí tí àbùkù rẹ̀ ti ilé ìrọwó wá kò tó nǹkan. Ọwọ́ àwa èèyàn ló ba ìyókù jẹ́.

Ní Plateau àti ní Ṣábẹ, ní orílẹ̀-èdè Benin níbí, ta ni kò ní owó sẹ́fà lápò? BCEAO, báǹkì àpapọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó ń ná sẹ́fà, ló ń gbé wọn jáde, Monnaie de Paris, ilé ìrọwó àwọn Faransé, ló ń rọ wọ́n, ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Pessac, lẹ́bàá Bordeaux, sì ti wà láti 1973. Wọ́n á gé irin pẹlẹbẹ róbótó, wọ́n á gbé e sáàárín òǹtẹ̀ méjì, òrùka irin á yí i ká, ẹ̀rọ á sì tẹ̀ ẹ́. Bí irin náà kò bá jókòó dáadáa, àwòrán á yẹ̀ sápá kan, apá kejì á wà lófìfo. Bí òǹtẹ̀ bá sán, irin á rọ́ wọ ibi tó sán, ìlà tín-ín-rín á sì yọ lórí owó.

Ìlà yìí ló ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹ fi èékánná kàn án. Bó bá yọ sókè, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ti òǹtẹ̀. Bó bá jìn wọnú, nǹkan bí òkúta tàbí ìṣó ló sábà máa ń ha á. Bí ẹ bá rí lẹ́tà òdì tó jìn wọnú, tó gun àwòrán tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹnì kan ló sábà máa ń gbé owó mìíràn lé e tó fi òòlù lù ú. Owó tí etí rẹ̀ já bí ẹni bù ú jẹ ńkọ́? Ẹ wo etí tó dojú kọ ibi tó já. Bó bá jẹ́ ilé ìrọwó ló ti já, etí ọ̀hún sábà máa ń rẹlẹ̀, torí irin kò tó. Bó bá jẹ́ ayùn ni wọ́n fi gé e, etí ọ̀hún á pé pérépéré.

Àwọn àgbà ní fífi ọ̀ràn wé ọ̀ràn kì í jẹ́ kí ọ̀ràn tán. Nídìí owó onírin, mi ò gbà fún wọn: ẹ kó irú owó tí ẹ ń yẹ̀ wò mélòó kan tó dára sílẹ̀, kí ẹ fi wé e. Ẹni tí kò mọ bí èyí tó pé ṣe rí kò lè mọ èyí tó yẹ̀.

Ní ti ipò tí owó wà, lẹ́tà làwọn Faransé fi ń sọ ọ́: TB, TTB, SUP, SPL, dé FDC tí ọwọ́ kò tíì bà jẹ́. Àwọn Amẹ́ríkà ń kà á láti 1 dé 70, ètò tí William Sheldon gbé jáde ní 1949. Ọ̀nà kan náà ni: ibi tó ga jù lójú owó ló máa ń kọ́kọ́ fá. Lórí 5 fáráǹkì sẹ́fà, ẹ wo ìwo àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹranko tó wà níbẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú fọ̀ ọ́! Dídán tó ti ọwọ́ wa wá ń dín iye owó kù, oníṣòwò á sì rí i lójú ẹsẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo owó tó ṣàjèjì ni àṣìṣe wà lára rẹ̀. Pẹ́ní oníhò ọdún 1936 tó ní orúkọ Edward VIII, ọba Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ná ní Nàìjíríà lẹ́yìn ibodè wa, ní ìtàn: ọba náà sọ̀kalẹ̀ lórí oyè ní oṣù Ọ̀pẹ̀ 1936 kí wọ́n tó dé e ládé, Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sì ná owó tó ní orúkọ rẹ̀ nígbà tí àwọn ará ìlú rẹ̀ gan-an kò ná irú rẹ̀. Síbẹ̀ wọ́n rọ ọ́ lọ́pọ̀ yanturu, kì í sì wọ́n.

Bí ẹ bá rí owó tó dájú pé ilé ìrọwó ni àbùkù rẹ̀ ti wá, ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ ya àwòrán ojú méjèèjì, ẹ bi olùrà tó ju ẹyọ kan lọ. Ẹni tó bá ní kí ẹ kọ́kọ́ sanwó "ìwé ẹ̀rí" kí òun tó rà á, ẹ má san kọ́bọ̀ fún un.