Ojú Ìwé Iṣẹ́ àti Òwò: Ta Ni Wọ́n Ń Pè Ní Ẹnjiníà Ní Ítálì?

Ẹ̀kọ́ tòní dá lórí oyè kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa gbé wá láti ilé, tí àwọn ọmọ wa náà sì ń kàwé lé lórí báyìí: oyè ẹnjiníà.

Nílé, a kì í ṣahun oyè yìí. Mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ ní Ládípọ̀, ẹnjiníà la ń pè é. Ẹni tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe, ẹnjiníà ni. Ọ̀wọ̀ la fi ń bù fún wọn. Ṣùgbọ́n Nàìjíríà náà ní òfin tirẹ̀: láti ọdún 1970 ni òfin ti wà pé kí ẹnjiníà forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ tí a mọ̀ sí COREN.

Ní Ítálì, òfin kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré rárá. Láti ọdún 1923 ni òfin nọ́ńbà 1395 ti dáàbò bo orúkọ "ingegnere". Lónìí, ìwé ẹ̀rí yunifásítì nìkan kò sọ ènìyàn di ingegnere. Bí oyè ìlú ṣe ní afọbajẹ, bẹ́ẹ̀ ni oyè yìí ní tirẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ yege nínú ìdánwò ìjọba tí wọ́n ń pè ní esame di Stato, kó sì forúkọ sílẹ̀ nínú Albo tó wà lọ́wọ́ Ordine degli Ingegneri. Ferrara ní Ordine tirẹ̀, Padua ní tirẹ̀, Turin ní tirẹ̀.

Òfin ọdún 2001, DPR 328, ló to àwọn ìpele náà báyìí:

1. Ẹni tó gba laurea nìkan, tí kò tíì ṣe ìdánwò ìjọba: dottore in ingegneria. Ẹ má ṣì í gbọ́ o, dottore yìí kì í ṣe oníṣègùn.

2. Ẹni tó ní laurea ọdún mẹ́ta, tó yege, tó sì forúkọ sílẹ̀: ingegnere iunior, ní abala B.

3. Ẹni tó ní laurea magistrale, tó yege, tó sì forúkọ sílẹ̀: ingegnere, ní abala A.

Ẹ̀ka mẹ́ta ló tún wà: ti ilé, ọ̀nà àti àyíká; ti iléeṣẹ́ àti ẹ̀rọ; àti ti kọ̀ǹpútà àti ìbánisọ̀rọ̀.

Kí ló dé tí wọ́n fi le tó bẹ́ẹ̀? Ẹ rántí oṣù Karùn-ún ọdún 2012, nígbà tí ilẹ̀ mì tìtì ní Emilia ní ọjọ́ 20 àti ọjọ́ 29. Ní Sant'Agostino, ní agbègbè Ferrara níbí, iléeṣẹ́ wó pa àwọn tó ń ṣiṣẹ́ òru. Nínú irú capannone bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń wá oúnjẹ òòjọ́. Nílé, ní ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá ọdún 2021, ilé alájà 21 wó ní Ìkòyí, ó sì pa ènìyàn tó lé ní 40. Ẹni tó bá fọwọ́ sí ìwé pé ilé dúró dáadáa, ẹ̀mí ènìyàn ló fọwọ́ sí.

Nítorí náà ni ìjìyà fi wà. Ẹni tó bá ṣe iṣẹ́ tó jẹ́ ti àwọn tó wà nínú Albo, tí òun kò sì sí níbẹ̀, òfin ìwà ọ̀daràn abala 348 ń dúró dè é. Láti ọdún 2018, ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà sí ọdún mẹ́ta ni, pẹ̀lú owó ìtanràn 10,000 sí 50,000 yúrò.

Ẹ jẹ́ ká ro ó báyìí. Aládùúgbò kan fẹ́ wó ògiri nínú ilé rẹ̀. Ó mọ̀ pé ẹ ní B.Eng. láti ilé, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi fọwọ́ sí ìwé yìí." Ẹ má fọwọ́ sí i o, ì báà jẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹ ní kó lọ bá ẹni tó wà nínú Albo. Ẹ má sì kọ "Ing." ṣáájú orúkọ yín lórí káàdì, ìyẹn náà ní owó ìtanràn tirẹ̀. Ẹ má wo ti àwọn ará wa ní London: níbẹ̀, ẹnikẹ́ni lè pe ara rẹ̀ ní engineer, Chartered Engineer ni wọ́n dáàbò bò.

Ṣé ká wá ju ìwé ẹ̀rí wa nù ni? Rárá o! Ohun tí ẹ lè ṣe nìyí:

Àkọ́kọ́, ẹ kó ìwé jọ: ìwé ẹ̀rí, èsì ìdánwò gbogbo ọdún, àti ìwé COREN bí ẹ bá ní in. Ẹ gba dichiarazione di valore lọ́dọ̀ aṣojú ìjọba Ítálì ní Nàìjíríà, tàbí ìwé CIMEA.

Èkejì, ẹ mú ọ̀nà kan nínú méjì. Ẹ lè kọ̀wé sí Ministero della Giustizia. Wọ́n lè ní kí ẹ ṣe ìdánwò tàbí kí ẹ kọ́ṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó gbà yín. Tàbí kí ẹ lọ bá yunifásítì, kí wọ́n wo ohun tí ẹ ti kọ́, kí ẹ parí èyí tó kù, lẹ́yìn náà kí ẹ jókòó fún esame di Stato.

Ẹ̀kẹta, ẹ má jókòó tẹtẹrẹ. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ló wà ní ọ́fíìsì iléeṣẹ́, bí àwòrán yíyà àti àbójútó ẹ̀rọ, tí kò nílò Albo. Lórí CV, ẹ kọ òótọ́: "Laurea in ingegneria conseguita in Nigeria". Bó bá jẹ́ HND ni ẹ ní, HND ni kí ẹ kọ.

Ẹ̀yin òbí, ọjọ́ tí ọmọ bá dé òdòdó laurea lórí, ẹ bá a jó, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ìdánwò ìjọba ṣì ń bẹ níwájú. Ẹ fi owó díẹ̀ sílẹ̀ dè é.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ gbé ìwé yín jáde kúrò nínú àpótí lọ́sẹ̀ yìí. Ire o.