Ẹ̀KỌ́ OṢÙ YÌÍ: Omi Kànga Tó Mọ́ Lójú, Tí Kò Mọ́ Nínú

Ní oṣù tó kọjá, ìwé èsúsú ni ẹ̀kọ́ wa dá lé lórí. Àwọn kan ní kí n tún un sọ, a óò tún un sọ lọ́jọ́ mìíràn. Ní oṣù yìí, omi ni mo fẹ́ kí a jọ kọ́ nípa rẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ kan tí kò jẹ́ kí n lè sùn dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Ó ti lé ní ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń ra fùfú ní abúlé kan lẹ́yìn ìlú Ìbàdàn níbí. Mi ò ní dárúkọ abúlé náà, kí a má baà ba ọjà wọn jẹ́. Fùfú wọn funfun, owó rẹ̀ sì rọ̀ mí lọ́rùn. Lẹ́yìn ilé oníbàárà mi, kànga kan wà níbẹ̀, ṣálángá sì wà lápá òkè kànga náà. Mo fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ kan, ẹsẹ̀ mẹ́rìnlá péré ni. Mo rí i, mo mọ̀ pé kò dára, mo sì dákẹ́. Mo ní ta ni èmi tí n óò máa kọ́ onílé bí yóò ṣe to ilé rẹ̀? Òótọ́ ibẹ̀ ni pé fùfú rẹ̀ pọ́ọ́kú, mi ò sì fẹ́ kí ó bínú sí mi.

Ní ìgbà òjò ọdún 2023, ìgbẹ́ gbuuru wọ abúlé náà. Ọmọ méjì kú láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀kan nínú wọn ni ọmọ-ọmọ oníbàárà mi, ọmọ ọdún mẹ́ta, tó máa ń sáré wá gba búrẹ́dì lọ́wọ́ mi bí mo bá ti ń sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò. Nígbà tí mo lọ kí wọn, ìyá náà ń mi orí, ó ní, "Ìyá Akọ̀wé, omi wa kúkú mọ́ bíi dígí." Omi náà mọ́ bíi dígí lóòótọ́. Ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wa ti bẹ̀rẹ̀.

ÈKÍNNÍ: OJÚ KÌ Í RÍ KÒKÒRÒ ÀRÙN

Gbogbo wa la mọ asẹ́ ògì. Bí aṣọ asẹ́ bá dára, èérí á dúró sókè, ògì dáadáa á sọ̀kalẹ̀. Bí aṣọ bá ya, gbogbo rẹ̀ ni yóò jọ sọ̀kalẹ̀ pọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ilẹ̀ ṣe rí. Ilẹ̀ ni asẹ́ tí Ọlọ́run ta sáàárín ṣálángá àti kànga. Bí àárín wọn bá jìnnà, ilẹ̀ á ti sẹ́ ìdọ̀tí kí omi tó dé kànga. Bí wọ́n bá súnmọ́ ara wọn, asẹ́ ya nìyẹn.

Ohun tí àwọn onímọ̀ ìlera ń sọ ni pé kí kànga jìnnà sí ṣálángá tó mítà 30, ó kéré tán. Ẹni tí kò bá ní tépù, kí ó ka nǹkan bí ẹsẹ̀ 40, ẹsẹ̀ àgbàlagbà. Ìsàlẹ̀ ni kí ṣálángá wà, kí kànga wà lókè, nítorí omi kì í gun òkè. Ìdí ṣálángá kò sì gbọdọ̀ kan omi inú ilẹ̀. Nígbà òjò, omi inú ilẹ̀ máa ń ga sókè wá bá ohun tó wà nínú ṣálángá. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí kànga tí kò ṣe nǹkan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn fi ń pa ọmọ nígbà òjò.

Ẹ tún wo dòrò tí a fi ń fa omi. A gbé e sílẹ̀ níbi tí adìyẹ ti ń yàgbẹ́, a tún jù ú padà sínú kànga. Kànga mìíràn kò ní ìdérí, kò sì ní sìmẹ́ǹtì lẹ́nu. Gbogbo èyí ló ń kó onígbáméjì, táífọ́ọ̀dù àti ìgbẹ́ ọ̀rìn wọnú omi, tí omi náà yóò sì mọ́ lójú roro.

Àwọn kan yóò sọ pé iná la fi ń ro fùfú, iná á pa á. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n omi wo la fi ṣan igbá? Omi wo la fi fọ ọwọ́ tí a fi dì í sínú ọ̀rá? Ohun tó ń ṣe abúlé, ó ń bá mọ́tò wọ ọjà wa.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọ̀rọ̀ omi kò ní àtúnṣe. Ẹ rántí sòbìà. Nígbà tí wọ́n ka àwọn tí sòbìà ń yọ lẹ́nu ní Nàìjíríà láàárín ọdún 1988 sí 1989, wọ́n lé ní 650,000. Kò sí oògùn tó ń wò ó, kò sì sí abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀. Omi mímọ́, aṣọ asẹ́ tí a fi ń sẹ́ omi, oògùn tí wọ́n dà sínú odò láti pa kòkòrò rẹ̀, àti ìkìlọ̀ pé kí alárùn má wọnú odò, àwọn ni wọ́n fi ṣẹ́gun rẹ̀. Ọdún 2008 ni a rí ẹni ìkẹyìn, ní ọdún 2013 sì ni àjọ ìlera àgbáyé fọwọ́ sí i pé sòbìà ti kúrò ní Nàìjíríà.

ÈKEJÌ: OMI TÍ INÁ KÒ LÈ WẸ̀ MỌ́

Kòkòrò àrùn ni iná ń pa. Bí omi bá ti hó kutukutu fún ìṣẹ́jú kan, ó tó. Ẹni tó bá fẹ́ lo kúlórínì, kí ó tẹ̀lé ohun tí wọ́n kọ sára ìgò, kí ó sì dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ó tó mu ún. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìdọ̀tí ni kòkòrò. Nǹkan kan wà tí wọ́n ń pè ní náítíréètì, láti inú ìgbẹ́ àti ajílẹ̀ ló ti ń wá. Bí ẹ bá se omi tó ní náítíréètì, ṣe ni yóò tún le sí i, nítorí omi ló ń gbẹ, òun kì í gbẹ. Ó léwu fún ọmọ ọwọ́ tí a ń fi omi po mílíìkì fún.

Epo náà ń bẹ. Ní Bárúwà, ní Ìpájà nílùú Èkó, láti àwọn ọdún 1990 ni bẹntiróòlù ti ń jò láti inú páìpù abẹ́ ilẹ̀ wọnú kànga àwọn ènìyàn. Èyí tó tún burú ju ìyẹn lọ ni ti Ògálè, ní ilẹ̀ Elémè, ní ìpínlẹ̀ Rivers. Àjọ UNEP, tó jẹ́ ti ìṣọ̀kan àgbáyé, ṣe ìwádìí ilẹ̀ Ògóni, wọ́n sì gbé ìwé rẹ̀ jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2011. Wọ́n rí i pé àwọn ará Ògálè ń mu omi kànga tí májèlé inú epo tí wọ́n ń pè ní bẹ́nsíìnì wà nínú rẹ̀ ní ìlọ́po 900 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ju bí àjọ ìlera àgbáyé ṣe fẹ́. Bẹ́nsíìnì yìí ń fa àrùn jẹjẹrẹ. Ní ibì kan níbẹ̀, epo tó léfòó lórí omi inú ilẹ̀ nípọn tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́jọ.

Kí ni a óò sọ fún irú wọn? Pé kí wọ́n se omi? Kò sí iná tó lè ṣe é. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni kí a gbé omi mímọ́ láti ibòmíràn wá bá wọn. Ohun tí ìwé náà sì sọ nìyẹn, pé kí omi mímu ṣáájú gbogbo iṣẹ́ mìíràn. Síbẹ̀, ọjọ́ kejì oṣù kẹfà ọdún 2016 ni igbákejì ààrẹ nígbà náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Yẹmí Òṣínbàjò, tó lọ sí Bodo láti ṣí iṣẹ́ àtúnṣe ilẹ̀ Ògóni. Ẹ ka ọdún tó wà láàárín wọn. Ìwé jáde, omi kò tètè tẹ̀lé e. Ìwé nìkan kì í gbé omi wálé, àfi kí ènìyàn máa tẹ̀lé ìwé náà kiri.

ÈKẸTA: BÍ OMI Ẹ̀RỌ ṢE Ń DÉ ILÉ

Níbí ní Ìbàdàn, odò tí wọ́n sé ni omi ẹ̀rọ wa ti ń wá. Ẹlẹ́yẹlé ni wọ́n kọ́kọ́ sé, ní ọdún 1942. Aṣejirẹ, tó wà lórí odò Ọ̀ṣun, dé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Wọ́n á fa omi, wọ́n á da álọ́ọ̀mù sí i kí ìdọ̀tí lè sọ̀kalẹ̀, wọ́n á sẹ́ ẹ nínú yanrìn, wọ́n á wá fi kúlórínì sí i. Kúlórínì yìí kì í tán lójú kan náà. Díẹ̀ á ṣẹ́kù nínú omi, á máa bá a lọ nínú páìpù, á máa ṣọ́ ọ, bí ọlọ́dẹ ṣe ń ṣọ́ ìsọ̀ wa lóru. Kànga kò ní ọlọ́dẹ. Ìyàtọ̀ wọn nìyẹn.

Àmọ́ kí n sọ òótọ́ fún yín, omi ẹ̀rọ náà ní àléébù tirẹ̀. Bí omi kò bá ṣàn fún ọjọ́ púpọ̀, tí páìpù sì ti bẹ́ sínú gọ́tà, páìpù náà á fa omi gọ́tà sínú. Nítorí náà, bí a bá ń bèèrè páìpù, kí a bèèrè àtúnṣe rẹ̀ pẹ̀lú, kí a sì bèèrè ọjọ́ tí omi yóò máa wá.

Bí páìpù ńlá kò bá jìnnà sí abúlé, wọ́n lè fa èyí tó kéré wọlé, kí wọ́n gbé táńkì sókè, kí wọ́n sì ṣe ẹnu ẹ̀rọ fún gbogbo ará abúlé. Iléeṣẹ́ omi ìpínlẹ̀ ni a ó lọ bá fún ìyẹn. Bí ó bá jìnnà, kànga dẹ̀rọ tó jìn, tó ní táńkì, ni wọ́n á gbẹ́. Àjọ ìjọba tó ń rí sí omi ìgbèríko, èyí tí wọ́n ń pè ní RUWASSA, àti ìjọba ìbílẹ̀ ni a ó bá sọ ọ́.

ÈKẸRIN: BÍ A ṢE Ń BÈÈRÈ

Lẹ́yìn ikú àwọn ọmọ yẹn, mo sọ ọ̀rọ̀ náà fún Ìyálọ́jà, àwa mẹ́rin sì lọ sí ọ́fíìsì kan. Mi ò ní sọ ibi tó jẹ́. Ọ̀gá tí a bá níbẹ̀ bi wá pé, "Ilé mélòó ló wà níbẹ̀? Ènìyàn mélòó?" A ń wo ara wa lójú. Ó ní kí a máa lọ. Inú bí wa, ṣùgbọ́n nígbà tí a jókòó sínú mọ́tò, Ìyálọ́jà ní, "Ẹni tó fẹ́ ra iṣu, ṣé kò níí mọ iye tó fẹ́ rà ni?"

Ni a bá padà sí abúlé, a kà á. Ilé 46, ènìyàn 271, kànga méje. Márùn-ún nínú kànga méje náà ni kò jìnnà sí ṣálángá tó bó ṣe yẹ. Àjọ ìlera àgbáyé ní ó kéré tán, ènìyàn kan nílò lítà 20 lóòjọ́, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì ńlá kan. A jẹ́ pé kẹ́ẹ̀gì 271 ni abúlé náà ń fẹ́ lójoojúmọ́. A gbé omi kànga méjì lọ fún àyẹ̀wò. Kòkòrò inú ìgbẹ́ kò gbọdọ̀ sí ẹyọ kan nínú ìdá kan nínú mẹ́wàá lítà omi mímu. Àwọn méjèèjì ni ó wà nínú wọn.

A kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, baálẹ̀ tẹ̀ka, a ṣe é ní ẹ̀dà mẹ́ta. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: a gba òǹtẹ̀ ọ́fíìsì sórí ẹ̀dà tiwa. Ìwé tí kò bá ní òǹtẹ̀, wọ́n lè sọ pé àwọn kò rí i. A sì kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé ní ọjọ́ 28 oṣù keje ọdún 2010, àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé fẹnu kò pé omi mímọ́ jẹ́ ẹ̀tọ́ ènìyàn. Kì í ṣe ọrẹ la lọ tọrọ.

Ní ìgbà kejì, ẹnjiníà bá wa lọ pẹ̀lú tépù. Páìpù ńlá wà lẹ́bàá títì, kò tó máìlì kan sí abúlé. Wọ́n ti wọn ilẹ̀. Wọn kò tíì gbẹ́ ilẹ̀. Ibi tí a dé dúró nìyẹn, èmi kì í sì í jẹ́ kí oṣù kan kọjá kí n má lọ béèrè.

ÈKARÙN-ÚN: KÍ OMI TÓ DÉ, ÀTI LẸ́YÌN TÓ BÁ DÉ

Ẹ se omi mímu. Ẹ bo kànga. Ẹ so dòrò kọ́ sókè. Bí ọmọ bá ń yàgbẹ́ gbuuru, ẹ po omi mímọ́ lítà kan pẹ̀lú ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́fà tó ṣe déédéé ẹnu ṣíbí àti iyọ̀ ìlàjì ṣíbí tíì, kí ẹ máa fún un mu díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ sí ọsibítù, ẹ má dúró dìgbà tí ojú rẹ̀ bá jìn.

Bí omi ẹ̀rọ bá dé, ẹ má ṣe jẹ́ kí pulọ́mbà kankan so páìpù kànga mọ́ páìpù omi ẹ̀rọ. Ìdọ̀tí kànga yín lè gbabẹ̀ wọ ilé aládùúgbò. Kí abúlé yan obìnrin méjì sínú ìgbìmọ̀ tí yóò máa gba owó àtúnṣe, nítorí àwa la ń ru omi, àwa la mọ ọjọ́ tí ẹ̀rọ bàjẹ́.

Iṣẹ́ tí mo fún yín nìyí. Olúkúlùkù yín tó bá ń ra ọjà ní abúlé, ìbáà jẹ́ gàrí, ẹ̀fọ́ tàbí fùfú, kí ó wo kànga ibẹ̀, kí ó ka ẹsẹ̀ tó wà láàárín rẹ̀ àti ṣálángá, kí ó ka ilé, kí ó sì mú un wá sí ìpàdé. Akọ̀wé yóò kọ ọ́.

Nígbà tí mo wá ní ìgboyà láti sọ fún oníbàárà mi pé mo ti ka ẹsẹ̀ mẹ́rìnlá yẹn tipẹ́tipẹ́, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ní, "Ìyá Akọ̀wé, kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi?" Mi ò rí èsì fọ̀. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ mi, ẹ má jẹ́ kí wọ́n bi yín léèrè irú rẹ̀ o.

Ire o. Ọjà á tà.

Èmi ni akọ̀wé yín.