Bí Oníjà Oríṣiríṣi Ṣe Ń Kọ́ Ara Wọn Lọ́gbọ́n

Irú ìjà kọ̀ọ̀kan ní òfin tirẹ̀, òfin náà ló sì ń pinnu ohun tí ara oníjà yóò mọ̀ ọ́n ṣe àti ohun tí kò ní mọ̀. Ẹni tó ń ja júdò a máa di aṣọ ẹni tó kọjú sí i mú ní ọrùn àti ní apá, a sì gbé e ṣánlẹ̀. Oníkàràtè a dúró lókèèrè, a já wọlé pẹ̀lú ẹ̀ṣẹ́ tàbí ẹsẹ̀, a sì yára fà sẹ́yìn. Ẹsẹ̀ ni oní-taekwondo gbójú lé jù. Abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò ní tirẹ̀ kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ gbá ẹnikẹ́ni. Nígbà tí irú àwọn oníjà bẹ́ẹ̀ bá kóra jọ láti ṣe ìdánrawò, tí kálukú sì fi ọgbọ́n tirẹ̀ lélẹ̀ kí ẹlòmíràn mú nínú rẹ̀, àléébù tí òfin ti bò mọ́lẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ hàn síta.

Júdò fi èyí hàn kedere. Láti ọdún 2010 ni àjọ tó ń darí júdò lágbàáyé ti ń fìyà jẹ ẹni tó bá fi ọwọ́ di ẹsẹ̀ alátakò mú. Nígbà tó di 2013, wọ́n fòfin de é pátápátá. Ọ̀dọ́ tó bẹ̀rẹ̀ júdò lẹ́yìn ìgbà náà lè dàgbà nínú ìjà náà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀rẹ̀ gbá orúnkún rẹ̀ mú rí. Bí ó bá wá kojú oníjàkadì tó ti èjìká bọ ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀, tó sì kó ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì pọ̀, yóò ti wà nílẹ̀ kó tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Bákan náà ni ti taekwondo. Ní ìdíje Olympic, kò sí ẹni tó gbọdọ̀ ju ẹ̀ṣẹ́ sí ojú, nítorí náà ọ̀pọ̀ oní-taekwondo kì í gbé ọwọ́ sókè láti fi bo ojú. Abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò a máa fi ìbọ̀wọ́ ńlá bo orí, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bọ́ ìbọ̀wọ́ yẹn kúrò, ààyè ńlá yóò ṣí sílẹ̀ láàárín ọwọ́ méjèèjì. Kò túmọ̀ sí pé olùkọ́ wọn kò mọṣẹ́. Ohun tí òfin béèrè ni wọ́n fi kọ́ wọn.

Ní Cotonou, ní orílẹ̀-èdè Benin, ẹni tó ń wá irú ìjà oríṣiríṣi kò ní láti kọ́kọ́ wo òkè òkun. Jonquet jẹ́ àdúgbò ní àárín ìlú náà, tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí ibi ọkọ̀ èrò àti ilé ìgbafẹ́ tó ń wà ní ṣíṣí títí di òru. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni Zongo wà, níbi tí mọ́ṣáláṣí ńlá wà. Fọ̀n, Gùn, Yorùbá, Mínà, Haúsá àti Zarma ń pàdé ní agbègbè yìí nídìí òwò àti ìrìn àjò. Àwọn Yorùbá ní gídígbò, níbi tí ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá balẹ̀ ti pòfo. Àwọn Haúsá ní ìjàkadì tí wọ́n ń pè ní kokawa. Ní Niger, níbi tí àwọn Zarma pọ̀ sí, ìdíje ìjàkadì ti gbogbo orílẹ̀-èdè a máa wáyé lọ́dọọdún, idà sì ni wọ́n ń gbé fún ẹni tó bá borí. Ní àríwá Tógò, ní agbègbè Kara, àwọn ọ̀dọ́kùnrin Kabyè ń ja ìjàkadì Evala ní oṣù Keje.

Dambe ti àwọn Haúsá yàtọ̀ sí gbogbo ìwọ̀nyí, ó sì yẹ kí a fara balẹ̀ wò ó. Àwọn alápatà ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọwọ́ kan ṣoṣo ni oníjà ń fi aṣọ àti okùn dì le dan-in: èyí ni ọ̀kọ̀ rẹ̀, òun ló sì fi ń lu ènìyàn. Ọwọ́ kejì wà ní ṣíṣí, ó nà án síwájú bí asà, ó fi ń wọn bí alátakò ṣe jìnnà sí i tó, ó sì fi ń gbá ẹ̀ṣẹ́ dànù. Ó lè fi ẹsẹ̀ gbá ènìyàn pẹ̀lú. Bí ẹnìkan bá ṣubú, tàbí tí ọwọ́ tàbí orúnkún rẹ̀ kan ilẹ̀, abala náà ti parí.

Bí abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò bá ń dán ara wò pẹ̀lú oní-dambe, ọwọ́ asà yìí ló kọ́kọ́ máa ń dà á láàmú. Gbogbo ẹ̀ṣẹ́ kéékèèké tó fi ọwọ́ iwájú jù ń bá àtẹ́lẹwọ́ pàdé. Yóò kọ́ láti gbá àtẹ́lẹwọ́ náà sísàlẹ̀, kó sì gbé ẹsẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tó jìnnà sí ọwọ́ tí wọ́n dì. Oní-dambe náà yóò rí i pé ọwọ́ iwájú kì í ṣe fún ìdáàbòbò nìkan, pé ó lè lu ènìyàn kí ọ̀kọ̀ tó dé. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ń gbà láti fi hàn. Kó tó mọ́ ara lọ́ ló ń pẹ́.

Kí ẹnikẹ́ni tó gbé ẹnikẹ́ni ṣubú, ó yẹ kí gbogbo wọn kọ́ bí a ṣe ń ṣubú. Nínú gbogbo ohun tí júdò lè fún àwọn yòókù, kò sí èyí tó níye lórí tó o. Ẹni tó ń ṣubú sẹ́yìn gbọdọ̀ tẹ àgbọ̀n mọ́ àyà kí ìpàkọ́ má bàa gbá ilẹ̀, kó sì fi gbogbo apá lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá balẹ̀. Kò gbọdọ̀ na ọwọ́ sẹ́yìn láti fi gba ara rẹ̀ dúró, torí ọrùn ọwọ́ tàbí ìgbọ̀nwọ́ lè dá. Abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò tó ti lo ọdún mẹ́wàá nínú iṣẹ́ rẹ̀ lè má mọ èyí rárá.

Àdéhùn tún ṣe pàtàkì. Bí oníjúdò bá gbọ́ “matte”, yóò dúró. Oníkàràtè ń retí “yame”. Èdè Kòríà ni wọ́n fi ń pàṣẹ nínú taekwondo. Níbi tí èdè ti pọ̀ bíi ti Jonquet, ọ̀rọ̀ ìdúró kan ṣoṣo ni kí gbogbo wọn yàn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Àmì kan wà tí kò nílò èdè: ẹni tí kò lè fara dà á mọ́ yóò fi ọwọ́ lu ara ẹnì kejì tàbí ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n á sì tú u sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn èyí, wọ́n á fẹnu kò sí òfin abala kọ̀ọ̀kan. Wọ́n lè fi abala kan ṣe gbígbéniṣubú nìkan, kí wọ́n fi òmíràn ṣe ẹ̀ṣẹ́ nìkan, kí wọ́n wá da méjèèjì pọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bí agbára bá ti pọ̀ jù, ẹ̀kọ́ ti parí, ìjà gidi ló kù.

Pàṣípààrọ̀ ọgbọ́n kì í ṣe ohun tuntun. Nínú ẹ̀yà jujitsu méjì tí Jigoro Kano kọ́ ní Japan ló ti yọ júdò jáde, ọdún 1882 ló sì dá ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, Kodokan, sílẹ̀ ní Tokyo. Ní 1922, Gichin Funakoshi ti Okinawa wá sí Tokyo, Kano sì pè é wá fi kàràtè han àwọn ọmọ Kodokan. Láti ọ̀dọ̀ júdò ni kàràtè ti mú aṣọ funfun àti bẹ́líìtì dúdú tí gbogbo ayé fi dá a mọ̀ lónìí. Choi Hong Hi, ọ̀kan lára àwọn tó dá taekwondo sílẹ̀ ní Kòríà, ti kọ́ kàràtè ní Japan tẹ́lẹ̀. Ọmọ Kodokan kan, Mitsuyo Maeda, dé Bràsíl ní 1914, ẹ̀kọ́ rẹ̀ sì wọ inú ìdílé Gracie. Nígbà tí wọ́n ṣe ìdíje UFC àkọ́kọ́, níbi tí oníjà oríṣiríṣi ti ń kojú ara wọn, ní Denver, ní Amẹ́ríkà, ní oṣù Kọkànlá ọdún 1993, Royce Gracie borí alátakò mẹ́ta lálẹ́ ọjọ́ kan náà. Láti ìgbà náà, oníjà tó gbọ́n kò jẹ́ fi ọ̀nà kan ṣoṣo wọ irú pápá bẹ́ẹ̀ mọ́.

Àwọn ọmọ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà wà lára àwọn tó jèrè jù nínú ìdàpọ̀ yìí. Israel Adesanya, tí wọ́n bí ní Èkó ní 1989, kọ́ taekwondo ní kékeré kó tó wá kọ́ kickboxing ní New Zealand. Kamaru Usman, ọmọ Auchi, ti gba ipò kìíní nínú ìpele kejì ìjàkadì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Amẹ́ríkà ní 2010 kó tó fi ẹ̀ṣẹ́ kún un. Ọdún 2019 ni àwọn méjèèjì gba bẹ́líìtì UFC. Oumar Kane, tí wọ́n ń pè ní Reug Reug, ti inú ìjàkadì Sẹ̀nẹ̀gàl wá. Ní 2024, òun ló gba bẹ́líìtì àwọn oníjà tó wúwo jù nínú ìdíje ONE Championship.

Ohun tó le jù nínú ìdánrawò àpapọ̀ ni ipò àgbà. Ẹni tó ti so bẹ́líìtì dúdú mọ́dìí, tí àwọn ọmọdé ń tẹrí ba fún, yóò jókòó bí akẹ́kọ̀ọ́ níwájú ọ̀dọ́ oníjàkadì tí kò ní bẹ́líìtì kankan. Àwọn kan kò lè gbà á mọ́ra. Ó bójú mu kí akẹ́kọ̀ọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ olùkọ́ rẹ̀ kó tó lọ, kí olùkọ́ má bàa gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn.

Àwọn ohun kan tún wà tí kò ṣeé pín. Oògùn àti ìwúre tí oní-dambe àti àwọn oníjàkadì Sẹ̀nẹ̀gàl ń gbé wọ pápá kì í ṣe ọgbọ́n ìjà tí àlejò lè kó lọ. Evala náà ju eré ìdárayá lọ. Ètò ìsọdàgbà ni, ọ̀dọ́kùnrin Kabyè a sì máa jà á fún ọdún mẹ́ta léraléra. Oníjúdò láti Cotonou tó bá dé Kara ní oṣù Keje lè fara balẹ̀ wo bí wọ́n ṣe ń gbéni ṣubú níbẹ̀, kó sì dán an wò tó bá padà sílé. Pápá Evala fúnra rẹ̀, àwọn ọmọ Kabyè tí àsìkò wọn ti tó ló ni ín.