Kí Ló Lè Gba Ipò Bisikíìtì?

Ọ̀kan lára ohun tí a kọ́kọ́ kọ́ nínú gírámà ni pé, bí a bá fẹ́ mọ ìsọ̀rí tí ọ̀rọ̀ kan wà, kí a fi í sí àlàfo inú gbólóhùn, kí a sì wò ó bóyá ó bá a mu. Ẹ jẹ́ kí a gbé ọgbọ́n yìí lọ sídìí oúnjẹ. Gbólóhùn wa nìyí: "Mo fi ____ jẹ ẹ̀pà lílọ̀."

Bisikíìtì oníyọ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ń fi dí àlàfo yẹn. Kò burú, àmọ́ agbára inú rẹ̀ pọ̀ ju bí ojú ṣe rí i lọ: gíráàmù 100 rẹ̀ sábà máa ń ní kálórì 450 sí 500. Ẹ̀gbọ́n wa tó ń jókòó sí ọ́fíìsì láti àárọ̀ dalẹ́, tí dókítà sì ní kó dín ọ̀rá ara kù, lè pinnu lónìí pé òun kò jẹ bisikíìtì mọ́. Tó bá di ọ̀la, ẹnu á tún máa wá ohun tí yóò rún. Ká kàn yọ ọ̀rọ̀ kúrò nínú gbólóhùn kò tó. Àfi ká fi òmíràn rọ́pò rẹ̀.

Kí ló ń mú oúnjẹ dún lẹ́nu?

Èdè wa ti pín in sọ́nà méjì. Bisikíìtì tó dára a máa gbẹ táútáú. Kùkúńbà tó dára a máa tutù nini. Méjèèjì ló ń dún, àmọ́ ohun tó ń mú wọn dún yàtọ̀. Iná ti fa omi inú bisikíìtì gbẹ, ìyẹ̀fun àti ọ̀rá ló ṣẹ́kù, ìdí nìyẹn tó fi ń fọ́ tí a bá gé e jẹ. Ní ti kùkúńbà, omi ló kún inú àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ tí ara rẹ̀ fi le. Eyín wa ló ń bẹ́ wọn.

Omi kò ní kálórì kankan. Gíráàmù kan ìyẹ̀fun ní bíi 4, gíráàmù kan ọ̀rá ní bíi 9. Nítorí náà, ohun tí omi ń mú dún ló fúyẹ́ jù.

Ta ló yege?

Ohun tó máa gba ipò bisikíìtì gbọ́dọ̀ dún lẹ́nu, kó lè gbé ẹ̀pà láì tẹ̀, kó sì fúyẹ́. Gúgúrú ń dún, àmọ́ kò ṣeé fi bu nǹkan. Tòmátì fúyẹ́, àmọ́ kò dún. Ìpékeré ń dún, ó sì ń gbé e, àmọ́ bí omi ṣe ń jáde lára rẹ̀ nínú agbada ni òróró ń wọlé. Àwọn tó yege nìyí, pẹ̀lú kálórì inú gíráàmù 100:

- Kùkúńbà, bíi 15. Ẹ là á ní gígùn, kí ẹ ha àárín rẹ̀ tó kún fún omi kúrò.
- Kábéèjì, bíi 25. Ewé inú rẹ̀ tó tẹ̀ kòròbòtò ṣeé fi bu nǹkan bíi ṣíbí.
- Ikàn, bíi 25. Àwọn Ígbò ti ń fi í jẹ ẹ̀pà lílọ̀ aláta tí wọ́n ń pè ní ose ọjị. Oúnjẹ àlejò ni.
- Tàtàsé tútù, bíi 30. Ó dùn, kò ta.
- Kárọ́ọ̀tì, bíi 40. Òun ló le jù. Ó lè gbé píà gígún tó ki dáadáa.

Ẹ fi omi tó mọ́ fọ̀ wọ́n dáadáa, nítorí tútù la ó jẹ wọ́n. Èyí tó bá ti ń rọ, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi tútù fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ á tún fa omi mu. Ẹ nu omi ara rẹ̀ kí ẹ̀pà lè lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ má wọ́n iyọ̀ sí i lára, nítorí iyọ̀ á fa omi rẹ̀ jáde, á sì rọ̀. Inú ẹ̀pà ni kí iyọ̀ wà.

Ẹ ṣọ́ra

Ṣíbí ńlá méjì bọ́tà ẹ̀pà ní bíi kálórì 190. Bí a bá pààrọ̀ bisikíìtì, tí a wá sọ ẹ̀pà di ìlọ́po méjì, kò sí ohun tí a dín kù. Nǹkan kan ṣoṣo ni kí ẹ pààrọ̀, bí a ṣe ń ṣe nígbà tí a bá ń wá ìyàtọ̀ láàárín "igbá" àti "igba".

Akẹ́kọ̀ọ́ tó jẹ́ pé bisikíìtì àti ẹ̀pà nìkan ló rí jẹ kó tó wọ kíláàsì, kó má fi kùkúńbà rọ́pò rẹ̀ o. Agbára ló ń wá, kì í ṣe ìró.

Iṣẹ́ ṣíṣe: Fi ìrèké, ṣúkúṣúkú àgbọn tútù àti àlùbọ́sà sí àlàfo wa. Èwo ló kùnà, nínú ohun mẹ́ta wo ló sì ti kùnà?