Ẹ̀kọ́ Kọ̀ǹpútà: Dídá Ẹnu-ọ̀nà Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Mọ̀ Lára Ẹ̀rọ Unix Àtijọ́

Kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń sáré jù nù. Ṣùgbọ́n bí a kò bá mọ ẹnu-ọ̀nà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń gbà wọ inú rẹ̀, báwo ni a ó ṣe kó iṣẹ́ náà jáde kí díìsìkì rẹ̀ tó kú? Ẹ jẹ́ kí a fi ẹ̀rọ Sun ṣe àpẹẹrẹ.

Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ ni Sun ṣe: orúkọ dráífà ni ẹnu-ọ̀nà ń jẹ́, nọ́ńbà sì ń tẹ̀lé e láti orí òdo. Lórí SPARCstation àtijọ́, le0 ni. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ Ultra, hme0 ni. Linux ayé ìgbà náà ló ń pe káàdì Ethernet ní eth0. Ẹni tó bá ń wá eth0 lórí ẹ̀rọ Sun ń pe ẹni tí kò sí nílé ni.

Ọ̀nà mẹ́rin tí a fi ń dá a mọ̀ nìyí:

1. Ẹ tẹ dmesg. Ẹ wá le tàbí hme nínú ohun tí ẹ̀rọ sọ nígbà tó ń tan.

2. Ẹ tẹ ifconfig -a. Láti inú 4.2BSD ti ọdún 1983 ni ifconfig ti wá. Ẹnu-ọ̀nà lo0 kì í ṣe káàdì. Òun ni ẹ̀rọ fi ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Lórí Solaris, èyí tí a kò tíì ṣí kì í hàn: kí root kọ́kọ́ tẹ ifconfig hme0 plumb.

3. Ẹ wo àdírẹ́sì káàdì. 8:0:20 ló ń bẹ̀rẹ̀ ti Sun. Bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ ff, bátìrì inú NVRAM ló ti kú. Ẹ má dá káàdì lẹ́bi. Káàdì méjì lára ẹ̀rọ Sun kan sì lè ní àdírẹ́sì kan náà, nítorí náà àdírẹ́sì nìkan kò tó ẹ̀rí.

4. Ẹ fi ping kí ẹ̀rọ mìíràn, kí ẹ sì tẹ netstat -i lẹ́ẹ̀mejì. Yàtọ̀ sí lo0, èyí tí iye ohun tó gbà wọlé bá ń pọ̀ sí i ni wáyà wà lára rẹ̀.

Kí a má ṣe méfò, nígbà tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ lè dáhùn.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí ifconfig -a nìkan kò fi tó lórí Solaris?