Ẹni tó fẹ́ràn oríkì náà lè ka Físíìsì

Tẹ́ ẹ bá ń kàwé ní Ìkìrun, Ìnísà tàbí Òkukù, ẹ mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ téèyàn bá wọ SS1. Wọ́n á pín wa: sáyẹ́ǹsì síhìn-ín, áàtì sọ́hùn-ún. Ọmọ tó mọ oríkì ilé wọn, tó sì tún fẹ́ràn ìṣirò, dandan ni kó mú ọ̀kan. Èmi mú sáyẹ́ǹsì, mo sì ka Físíìsì ní yunifásítì fún ọdún mẹ́rin. Síbẹ̀, ìpín yẹn ò tọ́ lójú mi. Ẹ jẹ́ kí n fi ìlù dùndún ṣàlàyé.

Tí onílù bá fún ọṣán mọ́ abẹ́ apá, ohùn ìlù á lọ sókè. Tó bá dẹ̀ ẹ́, ohùn á wálẹ̀. Ọṣán ló ń fa awọ le. Bí awọ bá ṣe le tó ló ṣe ń yára gbọ̀n tó, ìyára yẹn sì ni etí wa ń gbọ́ bí ohùn òkè tàbí ohùn ìsàlẹ̀.

Ibi tó dùn nìyí o. Ká ní awọ ń gbọ̀n ní ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ká tó lè sọ ọ́ di 200, ìlọ́po méjì agbára ò tó. Ìlọ́po mẹ́rin ni. Tó bá jẹ́ 150 la fẹ́, ìlọ́po 2.25 ni, torí 1.5 ní ọ̀nà 1.5 nìyẹn. (Afẹ́fẹ́ inú ìlù máa ń yí i padà díẹ̀, àmọ́ ó sún mọ́ ọn.) Bàbá onílù ò ṣírò nǹkan kan, apá wọn ti mọ̀ ọ́n.

Ṣùgbọ́n ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá lè wọn gbogbo ìgbọ̀n yìí tán, kó má mọ̀ pé oríkì ẹnì kan ni wọ́n ń lù. Òkukù yìí náà ni Karin Barber, ará Gẹ̀ẹ́sì, ti kọ́ oríkì tó fi kọ odidi ìwé lé e lórí, èyí tó jáde ní 1991.

Ní Amẹ́ríkà, àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì kéékèèké kan wà tí ẹni tó ń ka Físíìsì á tún ka ìtàn, èdè àti orin. Robert Millikan lọ sí irú rẹ̀, Oberlin ní Ohio, ó sì jáde ní 1891. Olùkọ́ èdè Gíríìkì rẹ̀ ló ní kó wá máa kọ́ àwọn ọmọ ní Físíìsì! Òun ló padà fi ẹ̀kán epo wọn iná tó wà lára ẹ̀lẹ́ktírọ́ọ̀nù, tó sì gba Nobel ní 1923.

Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀. JAMB á bi yín ní Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Físíìsì àti Kẹ́mísírì, ó tán. Ìyókù dọwọ́ yín. Ẹ gba phyphox sórí fóònù, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ lọ bá bàbá onílù kan ládùúgbò, kẹ́ ẹ kí wọn dáadáa, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n bá yín lu dò, re, mí. Ẹ kọ nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀, kẹ́ ẹ wá ṣírò ìlọ́po mélòó ni agbára tó fa awọ fi lé sí i láti dò dé mí.